Ẹ Má Gé Ewé Rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé igi ti wọ́ dànù tán ní agbègbè ìlú Paris, ìyá àgbà kan, ọmọ bíbí ìlú Kétu, jókòó lórí àpótí nínú ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀. Obìnrin Faransé kan tí ilé rẹ̀ bá tiwọn pààlà ṣẹ̀ṣẹ̀ na àpò bébà kan sí i láti orí ògiri ni. Ìyá ti ọwọ́ bọ inú àpò náà, ó mú ohun kan jáde tó rí roboto nísàlẹ̀, tó ṣe ṣóńṣó lókè, tí èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ní, "Ṣé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ èyí?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ìyá. Òdòdó ni. Ẹ ó rì í mọ́lẹ̀ báyìí, yóò sì yọ ní oṣù kẹta."

"Ta ni yóò máa bomi rin ín láti òní títí di oṣù kẹta?"

"Kò sẹ́ni tí yóò bomi rin ín. Òtútù ló ń fẹ́."

Ìyá tún wo nǹkan náà dáadáa. Láti kékeré ló ti ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti iṣu ní oko Kétu, kò sì tíì gbọ́ rí pé irúgbìn kan wà tí ń wá òtútù kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbin iṣu mọ ohun tí à ń pè ní ohun tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ tí kò kú. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ebè, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá.

Oṣù karùn-ún nìyẹn tí ó ti dé ilẹ̀ Faransé. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé ní ọdún tó ṣáájú, ọmọ rẹ̀ sì ní kò yẹ kí ìyá òun dá wà nínú ilé ńlá tó ṣófo. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀, ilé tí wọ́n gbà á sí kò ní ibi tí àgbàlagbà lè fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ń fọ abọ́, ọmọ àti ìyàwó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 9, ń ti ilé ìwé dé ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n Faransé nìkan ló ń sọ. Yorùbá tó mọ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ. Ìyá àti ọmọ náà a máa wo ara wọn, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ibi kan ṣoṣo tó kù ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Kò ju mítà 4 ní ìbú àti mítà 6 ní òòró lọ. Ògiri kọnkéré yí i ká ní ìhà mẹ́ta, koríko lásán ló sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí Ìyá kọ́kọ́ rí i, ó béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó gbìn sínú rẹ̀ ni pèrègún. Inú ilé ìtajà ńlá kan ló ti rí i, nínú ìkòkò, láàárín àwọn òdòdó tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà. Ó dúró lójijì bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọjà àjèjì. Àwọn Faransé ń pè é ní "tronc du bonheur", èyí tó jọ kí a pè é ní igi oríire, inú yàrá ni wọ́n sì máa ń gbé e sí fún ẹwà. Ìyá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ní Kétu, pèrègún ni a fi ń mọ ààlà ilẹ̀, òun ni ó ń dúró níbi ojúbọ, bí ilé bá sì wó tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fọ́n ká, pèrègún ni yóò wà níbẹ̀ tí yóò máa jẹ́rìí pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ó ra méjì. Ó gbìn wọ́n sí igun méjèèjì ọgbà náà ní oṣù keje, wọ́n sì ń dán gbinrin.

Ní òru kan lópin oṣù kẹwàá, yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé pèrègún ti dúdú, ó sì rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin Faransé náà rí i láti ojú fèrèsé rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló sì na àpò bébà yẹn sí i.

Èdè ni ìṣòro tó kọ́kọ́ dé. Obìnrin náà ní ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ, Ìyá sì ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ọmọ tó lè túmọ̀ fún wọn ti lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ-ọmọ ni wọ́n pè. Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà a sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ náà a fi ọwọ́ júwe rẹ̀, Ìyá a fún un ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ọmọ náà a sì tún un pè. Ihò. Ilẹ̀. Ìjìnlẹ̀. Ṣóńṣó sókè, ìdí sísàlẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ tó tó ogójì, gbogbo wọn ló sì jẹ mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí obìnrin náà kọ́ wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gún régé. Ihò iṣu òdòdó gbọ́dọ̀ jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga iṣu náà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí kò dára fún un, nítorí pé omi ni ó ń mú un rà, kì í ṣe òtútù. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, kí a po iyanrìn mọ́ ọn. A kì í tò ó ní ìlà gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé. Ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ni à ń gbìn ín, méje níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, kí ó lè dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló hù. Narcissus lè wọlẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n túlíìpù dára jù ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù, kí àrùn má baà mú un. Ó sì gbọ́dọ̀ rí òtútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó lè tan dáadáa. Ìdí nìyí tí kò fi lè ṣe ohun kan ní Kétu. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Kétu kò lọ́ràá, àmọ́ oorun tó gbọ́dọ̀ sùn kó tó jí kò sí níbẹ̀.

Ìyá béèrè bóyá túlíìpù jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Obìnrin náà ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Hólándì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Orí àwọn òkè àárín gbùngbùn Éṣíà ló ti wá. Àwọn ọba Ottoman ní ilẹ̀ Tọ́kì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ọgbà ààfin wọn kí ó tó dé Yúróòpù. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Carolus Clusius gbìn ín sí ọgbà yunifásítì Leiden ní ọdún 1593, ó sì tan ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò ju bí ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà tí àwọn ará Hólándì fi ń fi owó ilé ra iṣu rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ọjà náà fi dojú dé ní ọdún 1637. Nígbà tí ọmọ náà túmọ̀ èyí bó ti lè ṣe é tó, Ìyá mi orí. Ó ní, "Àlejò ni òun náà nígbà náà."

Bí wọn yóò ṣe tò wọ́n ni Ìyá kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní ibi tó ti kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ tí ó ń tajà ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ó ti rin inú ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature. Igbó àwọn ọba ni ibẹ̀ kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò irúgbìn ní òpin ọ̀rúndún 19. Ohun tó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìrókò wà lókè, igi kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀, ewé gbàǹgbà gbàǹgbà wà lábẹ́ ìyẹn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì hàn rárá. Kò sí ibi tí ojú lè dúró kí ó sọ pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ tán.

Ó tún ní ààfin lọ́kàn. Ẹni tó bá wọ ààfin ọba ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé a kì í ti ẹnu ọ̀nà rí ọba. Àgbàlá kan ni yóò gbà dé àgbàlá mìíràn, ọ̀nà yóò yà, ògiri yóò dí i lójú, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ààfin a sì máa dà bí ẹni pé ó tóbi ju bó ti rí lọ. Ìyá ní kí ọmọ òun hú ọ̀nà tó gùn tààrà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ògiri, kí ó tẹ òmíràn tó yí po bí ẹni tí ń lọ kí ènìyàn méjì kó tó délé. Ní ibi tí ọ̀nà náà ti yà, ó gbin igi kan tí ga tó ènìyàn, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà má lè rí igun tó kẹ́yìn. Ó ní kí igi fífà gun ògiri kí kọnkéré má baà hàn mọ́. Ó kọ̀ láti gba irú òdòdó tó ju márùn-ún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra oríṣi ogún. Ó ní ibi tó bá kéré kò gba ariwo. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn márùn-ún yìí kan náà ni ó ń tún gbìn níbí àti lọ́hùn-ún, kí ojú máa bá wọn pàdé bí ènìyàn ṣe ń bá ará ilé pàdé.

Fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó fi ìkòkò amọ̀ ńlá kan sílẹ̀. Inú ìkòkò yìí ni wọ́n ti gbin iṣu òdòdó ní ìpele ìpele. Wọ́n kọ́kọ́ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè jáde, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì da ilẹ̀ lé e. Túlíìpù ló lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20. Wọ́n da ilẹ̀ bò ó, wọ́n wá to narcissus lé e ní sẹ̀ǹtímítà 15. Wọ́n tún da ilẹ̀ bò ó, wọ́n sì to crocus wẹ́wẹ́ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ọmọ náà béèrè pé, tí àwọn tòkè bá dí àwọn tìsàlẹ̀ lọ́nà ńkọ́?

Ìyá ní, "Wọn kò ní dí wọn lọ́nà. Crocus ni yóò kọ́kọ́ jáde. Tó bá ṣe tirẹ̀ tán, yóò lọ sinmi, narcissus yóò sì dìde. Tí òun náà bá ṣe tirẹ̀ tán, ó kan túlíìpù. Ìkòkò kan ni gbogbo wọn ń gbé, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà lórí ìtẹ́."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni Kétu náà rí. Ìdílé ọba márùn-ún ló wà níbẹ̀, oyè Alákétu sì ń yí láàárín wọn. Bí ọba kan bá wàjà, ìdílé mìíràn ni yóò mú ẹni tí wọn yóò fi ewé akòko lé lórí wá. Ìdílé Ìyá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé èyíkéyìí nínú àwọn márààrún.

Ní ìparí oṣù kìíní, nígbà tí yìnyín ṣì funfun lórí ilẹ̀, ohun kékeré kan gún un yọ. Àwọn Faransé ń pè é ní "perce-neige", èyí tó túmọ̀ sí ohun tó lu yìnyín já. Ó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ bí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ní oṣù kejì, crocus jáde ní àwọ̀ elésè àlùkò àti àwọ̀ ìyeyè. Ní oṣù kẹta, narcissus tú jáde ní etí koríko, àwọ̀ ìyeyè wọn sì mọ́lẹ̀ dé inú ilé. Ní oṣù kẹrin, túlíìpù dìde. Pupa ni Ìyá ní kí wọ́n ra, pupa nìkan. Nígbà tí oṣù karùn-ún dé, allium dúró roboto lórí ọ̀pá gíga rẹ̀ bí orí ọ̀pá àṣẹ. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ìyá wọ aṣọ òkè, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà ti yà, ó sì ń dáhùn ìkíni wọn.

Ṣùgbọ́n òdòdó a máa rọ. Nígbà tí narcissus rọ tán, ewé wọn ló kù. Ó gùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń pọ́n lẹ́nu, ó sì ba ojú koríko jẹ́. Ní òpin oṣù kẹrin, ọmọ Ìyá ń retí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìgékoríko jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó sì gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ dánrandánran. Nígbà tí Ìyá jí, ọgbà ti mọ́ tónítóní. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò ó, ó ní, "O ti gé e?" Ọmọ rẹ̀ ní, "Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, Ìyá." Ìyá padà wọlé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni ọgbà náà kún jù lọ. Ìyá ti ra kókò ní ọjà Château Rouge ní Paris, níbi tí àwọn ará Áfíríkà ti ń ra oúnjẹ ilé. Ó jẹ díẹ̀, ó sì gbin èyí tó ti ń hù. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó agboòrùn ọmọdé. Obìnrin Faransé náà ní àwọn a máa ra irú rẹ̀ lówó gọbọi fún ẹwà, "etí erin" ni àwọn sì ń pè é. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ nígbà tí Ìyá jẹ́ kí ó mọ̀ pé ènìyàn lè fi iṣu rẹ̀ se oúnjẹ. Ìdò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókò, pẹ̀lú òdòdó pupa rẹ̀ àti èso rẹ̀ tó dúdú tó sì le bí òkúta. Fern àti hosta wà níwájú wọn níbi tí òòrùn kò dé. Ní oṣù kẹwàá, kí yìnyín tó dé, Ìyá wú kókò àti ìdò, ó gbọn ilẹ̀ ara wọn dànù, ó kó wọn sínú àpótí onígi pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ, ó sì gbé e sí yàrá abẹ́ ilé bí ẹni tó kó irú iṣu pamọ́. Pèrègún ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, ewé narcissus hù, ṣùgbọ́n kò sí òdòdó kankan. Gbogbo etí koríko rí gbẹrẹfu. Inú oṣù kẹta yẹn kan náà ni olórí ẹbí pe ọmọ Ìyá láti Kétu. Wọ́n fẹ́ tún òrùlé ilé àwọn baba wọn ṣe, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó wà lókè òkun fi orúkọ àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́, kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí. Ọkùnrin náà dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ilé mìíràn ló wà lórí oyè. Ilé mẹ́ta ṣì wà níwájú tiwa. Kí ó tó yí kàn wá, mo lè má sí láyé mọ́. Ọmọ mi ọmọ Faransé ni. Kí ni yóò fi orúkọ tó wà nínú ìwé Kétu ṣe?"

Ìyá kò dá a lóhùn lórí ìyẹn. Ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà wo narcissus, ó ní irú tí wọ́n fún wọn ti bàjẹ́, òun yóò ra tuntun.

Ìyá ní, "Kò bàjẹ́. Òdòdó tí o rí lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ọdún tó kọjá ló ṣe é. Ewé ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ló ti ṣe é sílẹ̀ sínú iṣu kí ó tó kú. Ìwọ rí ewé tó dọ̀bálẹ̀, o ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ìgbà yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́."

Obìnrin Faransé náà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Bí òdòdó bá rọ tán, ewé yóò máa gba ìtànṣán òòrùn, yóò sì máa kó oúnjẹ wọ inú iṣu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti ń dá sílẹ̀. A kì í gé e, a kì í sì í dì í ní ìdì. Bí kò bá dùn ún wò, a ó gbin hosta tàbí fern síwájú rẹ̀ kí ó bò ó lójú. Ẹni tó bá gé e ní kíákíá kò pa iṣu náà, ṣùgbọ́n ó ti fi ebi pa á.

Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọdé ni bàbá ìyá mi nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Agbómẹ̀."

Ọkùnrin náà mọ ìtàn náà, bí gbogbo ọmọ Kétu ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìlú tí ẹnu ọ̀nà Àkábà Ìdènà ń ṣọ́ di ahoro. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méje sí mẹ́jọ, títí Faransé fi borí Dàhòmì tí Béhanzin fi fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1894. Nígbà náà ni àwọn tó kù padà wá, tí wọ́n tún Kétu kọ́, tí Alákétu sì tún gorí ìtẹ́.

Ìyá ní, "Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìtẹ́ wo ló wà? Ta ló wà lórí oyè? Kò sí ilé, kò sí ààfin. Ohun tí ìyá bàbá mi àgbà ń ṣe lóko ẹrú ni pé, ní alaalẹ́, ó ń bi ọmọ rẹ̀ pé, ọmọ ta ni ọ́, ọmọ ilé wo ni ọ́? Ọmọ náà á dáhùn. Òun náà kò mọ̀ bóyá àwọn máa padà. Nígbà tí wọ́n padà, ẹni tó mọ ilé rẹ̀ ló mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní kí o jọba. Mo ní kí o má fi ẹ̀rọ gé e."

Ọkùnrin náà kò fèsì lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ẹni tí ń yí ọkàn padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin, nígbà tó gbé ẹ̀rọ ìgékoríko jáde, ó ti kan igi wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ti fa okùn yí ibi tí ewé narcissus wà ká. Koríko ibẹ̀ ga, kò sì dára lójú títí di ìparí oṣù kẹfà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n sì béèrè ohun tó dé tí kò gé ibẹ̀. Ó ní ìyá òun ló ni ín. Ní oṣù keje, ó fi owó òrùlé ránṣẹ́ sí Kétu. Orúkọ ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi ń pè é ní ilé ìwé àti èyí tí bàbá àgbà fún un lórí fóònù ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tí kò sẹ́ni tó ti pè é láti ọjọ́ náà.

Ìyá padà sílé ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ó ní òtútù mẹ́ta ti pọ̀ jù fún egungun òun, òun kì í ṣe túlíìpù. Ó fi àpótí kókò àti ìdò sílẹ̀ fún obìnrin Faransé náà, ó fi ìkòkò ìpele mẹ́ta sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì fi àpótí ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti yà.

Ní oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e, narcissus tan. Wọn kò pọ̀ tó ti ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ náà kà wọ́n, wọ́n jẹ́ méjìdínlógún, ó sì ka iye yìí fún ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù ní Yorùbá láìṣì í.

Ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde, bàbá àti ọmọ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kútọnu, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Kétu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò débẹ̀ nìyẹn. Òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Ní ìdí ògiri àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún tó ga ju ilé lọ, òdòdó pupa kan ti ti inú ilẹ̀ gbígbẹ jáde láìsí ewé. Ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, abẹ́rẹ́ pupa pupa ló sì yí gbogbo ara rẹ̀ ká. Gbogbo ọdún ló ń bá òjò àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ọmọ náà wólẹ̀ tì í. Ó fi ìka wa ilẹ̀ díẹ̀ ní ìdí rẹ̀, ó sì rí èjìká iṣu rẹ̀ funfun. Ó kígbe pe bàbá rẹ̀ kó wá wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n pè wá ro àgbàlá nítorí ìpàdé ẹbí dé ìdí ògiri náà. Òdòdó náà ti ń rọ, ewé rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé àdá sókè. Ọmọ náà sáré láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ lánàá.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé ewé rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Ìyá tó jókòó lábẹ́ igi. Ìyá mi orí sí i. Ó ro ilẹ̀ yí i ká, ó sì fi í sílẹ̀.